Ẹja Ìdána

Èmi ni wọ́n rán, èmi ni mo rìn ín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí àwọn elẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ìlú Bottrop yìí lè sinmi àbùmọ́. Lore ni mò ń jẹ́. Ewald Brock tí gbogbo ẹlẹ́ja agbègbè yìí mọ̀, àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa. Heike ni ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ọwọ́ mi ló sì dàgbà sí láti ìgbà tí Gisela ìyá rẹ̀ ti kú.

Abẹ́ ilẹ̀ ni Ewald ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ó ń wa èédú. Nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè àjà lọ ń tọ́jú ẹyẹlé. Òun tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé ara rẹ̀, sídìí ẹja tó ń sìn nínú àwọn àpótí gíláàsì ńlá. Dískọ́ọ̀sì ni ẹja ọ̀hún ń jẹ́, pẹlẹbẹ bí àwo, ojú rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹja àkẹ́bàjẹ́ ni. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì rọ̀ bí omi òjò. Bí o bá gbá ilẹ̀kùn gbàmù, ẹ̀rù á bà á, á forí sọ gíláàsì. Ọkàn màlúù ló ń jẹ, kí wọ́n yọ gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ewald fúnra rẹ̀ ń fi búrẹ́dì àná jẹun alẹ́. Mo bá a wí títí, ó sú mi. Gisela ló ra ìyá àwọn ẹja náà, ló tọ́ wọn títí wọ́n fi bímọ, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló kún ìsàlẹ̀ yẹn. Gisela kú, ẹja rẹ̀ ń bímọ lọ. Nítorí náà ni Ewald kì í fi í pè wọ́n ní ẹja. Àwọn ti Gisela ló ń pè wọ́n.

Ọdún kejì tí odi Berlin tó pín ilẹ̀ wa sí méjì wó ni Falk dé. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ń ná ọjà wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, Heike sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbowó ìwọlé. Ọkùnrin kan bá wọlé, ó gbá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ mọ́ra, ikùn rẹ̀ yọ gọngọ bí ti aboyún. Heike rò pé olè ni. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ gbé sínú ẹ̀wù yẹn?”

Ọkùnrin náà ní, “Ọmọ mẹ́rin.”

Ló bá ṣí ẹ̀wù. Ẹja ló wà nínú ọ̀rá omi, ó dì wọ́n mọ́ ikùn ara rẹ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Zwickau ló ti wá, láti ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀ kékeré játijàti tiwọn yẹn, ẹ̀rọ amúkọ̀-móoru sì kú sí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó fi ikùn ara rẹ̀ mú omi wọn móoru dé Bottrop. Heike rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó bu kọfí gbígbóná fún un. Ṣé ọkùnrin yìí mu kọfí? Ó gbé ife náà ti ọ̀rá ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Heike délé tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wo ojú rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Gbogbo ìgbà tí ọjà bá ná ni Falk Reimann ń wá. Nígbà tó yá, Heike náà ń lọ sí Zwickau. Ó máa ń jókòó níwájú gíláàsì Falk, ó ń wo bí àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ìyá wọn, wọ́n ń jẹ láti ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú. Bó bá rẹ ìyá, á gbọn ara nù, wọn á fò mọ́ ara bàbá. Heike sọ fún mi pé ibẹ̀ ni Falk ti ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, pé kò wo ojú òun nígbà tó ń sọ ọ́, ẹja ló ń wò. Mo bi í pé kí ló wá fèsì. Ó ní òun náà ń wo ẹja, òun ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ wá ku Ewald.

Heike mú Falk wálé lọ́jọ́ Àìkú kan fún kọfí àti kéèkì. Ewald bi í léèrè omi, bi í léèrè oúnjẹ, bi í léèrè bí ó ṣe ń mú omi Zwickau rọ̀. Ọmọkùnrin náà dáhùn gbogbo rẹ̀, kò ṣì í. Síbẹ̀ Ewald ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Reimann, ẹ, ẹ, ẹ, títí kéèkì fi tán. Ní tiwa, ará ilé là ń pè ní “o”, ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ọmọ. Ará ìta là ń pè ní “ẹ”, àgbà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ọmọdé tó lè gbé e. Ewald ò gbé e sílẹ̀. Kò sì jẹ́ kó fojú kan ìsàlẹ̀. Falk tọrọ pé kí òun kàn rí àwọn ti Gisela láti ẹnu ọ̀nà, Ewald ní, “Ẹ má bínú. Ẹlẹ́ja ni yín.”

Kì í ṣe pé ó bú u o. Òfin ilé náà ni. Ẹja tó bá ti ilé ẹlòmíràn wá, inú gíláàsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tòun ti àwọ̀n tirẹ̀ àti kóróbá tirẹ̀. Mo bi Ewald nígbà kan pé ẹja tí ara rẹ̀ le kokooko, kí ni wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ fún? Ó ní, “Lore, kì í ṣe ẹja tó ń ṣàìsàn ni mò ń bẹ̀rù. Ẹja ẹlòmíràn ní kòkòrò tó ti mọ́ ọn lára, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Tèmi náà ní tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bá ara wọn pàdé ni wọ́n ń para wọn.” Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé èmi náà máa fojú rí i.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ mí di alárinà ní ọjọ́ ogbó. Falk rán mi sí Ewald, Ewald rán mi padà, Heike rán mi sí àwọn méjèèjì. Mo bi Ewald pé kí ni ọmọ yẹn ṣe fún un. Ó ní ará ìlà-oòrùn ni. Mo ní ṣé àrùn nìyẹn? Ó ní ọkọ̀ rẹ̀ kò dára. Mo ní ọkọ̀ kọ́ ni Heike fẹ́ fẹ́. Ó wá ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò ní ṣúgà nínú, ó ní, “Á gbé e lọ sí Zwickau.” Mo wá mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Heike náà mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ọ̀dùnkún ní ilé ìdáná mi, ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Àǹtí Lore, tí mo bá lọ, ta ni á máa bá a jẹun?”

Mo ní, “Èmi.”

“Ìwọ àti ẹ̀ ń jà lórí oúnjẹ.”

“À ń jà, à ń jẹ. Gbé ọ̀bẹ ẹ, jàre.”

Ó gbé ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún tó bó ṣẹ́kù bí ìka ọwọ́. Ọmọ náà fẹ́ lọ, kò fẹ́ fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń fà síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi kọjá. Ó rù. Ó ń bi mí bóyá yóò sú Falk kó tó di pé bàbá òun gbà. Mo ń sọ fún un pé nǹkan kì í tètè sú ọkùnrin tó fi ikùn gbé ẹja la ilẹ̀ Jámánì kọjá.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ni ó bú jáde. A jókòó sídìí tábìlì, Ewald tún sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Reimann yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná. Heike gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá, ẹja lásán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo ń yà á sọ́tọ̀. Falk ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ láti ìgbà ìrúwé. Ìgbà wo lo máa mú un jáde?”

Ewald ti àwo rẹ̀ síwájú. Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí àwọn ti Gisela, a sì gbọ́ bó ṣe fa àga sídìí gíláàsì. Nígbà tó gòkè padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí Heike sọ fún ọmọkùnrin náà kó wá jẹun alẹ́ ní Sátidé.

Ẹ̀yin èèyàn, Sátidé yẹn dùn. Heike se ẹran kíká àti kábéèjì pupa, Ewald wọ táì tó ti wọ̀ kẹ́yìn nígbà ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Falk dé pẹ̀lú àpótí funfun kan. Tọkọtaya ẹja tó dára jù nílé rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn aláwọ̀ búlúù tí Heike máa ń jókòó wò. Ó ní àwọn ni òun mú wá tọrọ ọmọ. Ó ti ra àwọ̀n tuntun àti kóróbá tuntun mọ́ ọn, kí Ewald lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó mọ òfin, ó bọ̀wọ̀ fún un. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé aláìmọ̀kan ni.

Nígbà tí a jẹun tán, Ewald bu ọtí líle sínú ife kékeré mẹ́rin. Ó dìde. Ó ní, “Ewald lorúkọ mi. Má pè mí ní ẹ mọ́.”

Falk gbé ife rẹ̀. Ó ní, “Falk lorúkọ tèmi.” Wọ́n da ọtí náà mu, Heike bú sẹ́kún, èmi náà nu imú mi.

Ewald bá gbé àpótí ẹja. Ó ní, “Kò sí ìyàsọ́tọ̀ láàárín ẹbí.” Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí a tó mọ̀. A tẹ̀lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Falk máa wọ ibẹ̀. Ewald dúró níwájú gíláàsì tó tóbi jù, ti Gisela, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá. Mo rí i tí ojú Falk funfun bí ìyẹ̀fun. Ó la ẹnu. Ewald wẹ̀yìn wò ó.

“Kí ni? Ṣé ara wọn ò dá ni?”

Falk wo Heike. Heike di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ayọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Kí ni ọmọ náà ìbá sọ? Bó bá ní kó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ti da ọwọ́ tí bàbá nà sí i padà nìyẹn, níwájú ọmọ rẹ̀, ní ìṣẹ́jú tó nà án. Ó ní, “Ara wọn dá.” Òótọ́ ló sì sọ. Ewald mọ òfin náà ju gbogbo wa lọ, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú, nítorí ọmọ rẹ̀. Àwọn búlúù méjèèjì wọ àárín àwọn ti Gisela. Wọ́n yí po, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n rẹwà, mi ò ní purọ́. Kí a tó gòkè padà, Ewald àti Falk ti ń jiyàn lórí ọkàn màlúù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ti Gisela bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Wọ́n kọ oúnjẹ. Wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan, wọ́n pa lẹ́bẹ́ mọ́ra, awọ ara wọn ń bó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú omi. Omi náà funfun bí omi ògì. Heike lọ fi tẹlifóònù pe Falk, Falk gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wá. Bàbá àti àna jọ dojú kọ àrùn náà. Wọ́n pààrọ̀ omi, wọ́n mú un gbóná sí i, wọ́n da iyọ̀, wọ́n da oògùn tí dókítà ẹranko fún wọn. Ewald ń júwe, Falk ń gbé. Èmi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró látinú ìkòkò kan náà. “Falk, gbé ìyẹn fún mi.” “Ewald, wo èyí.” Bí ẹni tí kò mọ̀ bá wọlé, á ní ọmọ tó bí ni. Ohun tí Heike ń tọrọ láti ìgbà ìrúwé nìyẹn. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n, kò lè wọlé.

Gbogbo wọn kú. Àwọn búlúù náà kú. Ọwọ́ Ewald ni èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ti Gisela kú sí, nínú omi, ó ń tì í síwá sẹ́yìn kí omi lè gba ibi tó fi ń mí wọlé, ó ń tì í lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́. Falk ló yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí Falk padà sí Zwickau, àwọn tirẹ̀ náà ti ń dúdú. Bóyá apá ẹ̀wù rẹ̀ ló gbé e, bóyá àpótí. Ilé méjì ló ṣófo.

Ewald ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi dà wọ́n sí i. Ó fọ gíláàsì gbogbo, ó dorí wọn kodò, ó gòkè wá jókòó nínú pálọ̀, ibi tí kì í jókòó tẹ́lẹ̀. Mo ní ó dáa, ó kúkú dáa, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, ó kù ká ṣègbéyàwó. Wọ́n ní bí ojú bá ti mọjú, kí alárinà yẹ̀ ẹ́. Mo ti ń wá ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n Heike ò mẹ́nu ba ìgbéyàwó mọ́. Falk á pè, Heike á ní orí ń fọ́ òun. Falk á wá, Heike á kí i dáadáa, á bu oúnjẹ fún un, á wá rí iṣẹ́ kan ṣe nínú yàrá mìíràn. Ewald rí i. Ó wá sí ilé mi nínú yìnyín, ó jókòó láìbọ́ fìlà.

Ó ní, “Lore, bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó fẹ́ ọkùnrin yẹn.”

Mo ní, “Ìwọ tí o kọ̀ ọ́?”

“Èmi náà ni. Ọmọ dáadáa ni. Sọ fún un pé mi ò bínú.”

Mo lọ. Heike ń lọ aṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi tèmi kún un. Mo ní bàbá rẹ ti gbà, ọkọ rẹ ń dúró, kí lo tún ń wá? Kò gbé ojú sókè kúrò lórí áyọ́ọ̀nù.

Ó ní, “O rí bí Bàbá ṣe ń rẹ́rìn-ín sí Falk? Ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí dókítà tí ẹni rẹ̀ kú sí lọ́wọ́ ni.”

“Á lọ. Gbogbo nǹkan ló ń lọ.”

“Èmi ni mo ní kó mú un jáde, Àǹtí. Ohun tí màmá mi fi sílẹ̀, ẹnu mi ni mo fi pa á. Bí mo bá jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Falk, ohun tí mo máa rí nìyẹn, òun náà á sì máa rí i lójú mi.”

Mo ní kó dárí ji Falk. Ìgbà yẹn ló wá gbé ojú sókè. Ó ní, “Ká ní ó purọ́ ni, ká ní ẹja rẹ̀ ń ṣàìsàn tó fi pa mọ́, ǹ bá bínú sí i, ǹ bá sunkún, ǹ bá dárí jì í, à bá sì fẹ́ra wa. Ara tirẹ̀ dá. Ara tiwa náà dá. Ta ni kí n dárí jì?”

Èmi Lore, tí wọ́n ní ẹnu mi kò mọ ìsinmi, èébú ni mo fi dáhùn. Mo bú u pé òmùgọ̀ ni. Mo ní á kábàámọ̀. Ó ní òun ti ń kábàámọ̀. Mo ní kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Falk nígbà náà. Ó ní òun ò lè lọ, pé bí òun bá rí ojú rẹ̀, òun á tẹ̀lé e. Mo ní, “Tẹ̀lé e, kí ló burú?” Ó ń lọ aṣọ bàbá rẹ̀ lọ. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Ẹni tó bá ní kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa jà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zwickau. Ojú ọ̀nà jìn, mo sì ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti Bottrop, mo ń tú u ká, mo ń tún un tò. Mo gun àtẹ̀gùn ilé Falk, mo kan ilẹ̀kùn. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, torí mo ti ránṣẹ́ pé à ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, à ń bọ̀ ni mo sọ, àṣà ẹnu ni. Ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ènìyàn méjì lè ráàyè kọjá, ó sì ń wo àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi.

Mo ní, “Falk, èmi nìkan ni mo wá.”

Ó ní, “Mo gbọ́.” Ó ṣì di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí, atẹ́gùn tútù ń wọlé bá àwa méjèèjì, ó ṣe díẹ̀ kó tó tì í.